Mọ́tò Ajíbádé Wọ Àáró

Ní Bessé, lẹ́bàá ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ọkùnrin kan wà tí kì í rìn. Kì í ṣe pé ó yarọ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, wọ́n sì ki bí ọmọ odó. Mọ́tò ló ní.

Ajíbádé lorúkọ rẹ̀. Kó tó di onímọ́tò, kò sí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn tó o láti odò Ọ̀pàrà títí dé ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá tó yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká. Yóò di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò so ewúrẹ́ mọ́ orí iṣu, ewúrẹ́ yóò máa ké, òun náà yóò máa kọrin, wọn yóò sì ti dé lagáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, kí àwọn oníṣòwò Kútọnu tó bọ́jú tán. Alimatou ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ yẹn lòun rí tóun fi gbà láti fẹ́ ẹ. Ó ní ní ti ojú, òun fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọdún tí ìjọba ológun yí orúkọ ilẹ̀ náà kúrò ní Dahomey tó di Benin ni Ajíbádé ra mọ́tò. Oníṣòwò kan tí ọ̀rọ̀ “kámáráàdì” tí ìjọba náà ń pe gbogbo ènìyàn kò bá lára mu ló ń kẹ́rù rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà, ó sì tà á fún un kó tó lọ. Báṣé ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: iwájú rẹ̀ gba ẹni mẹ́ta tí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi aṣọ líle bò lórí. Ọjọ́ tí báṣé wọ Bessé, Ajíbádé gun orí rẹ̀, ó ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́, òun ti bọ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, òun sì ti bọ́ lọ́wọ́ eruku. Ti eruku yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí ìsàlẹ̀ báṣé náà ti lu, gbogbo eruku ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé wá kí i.

Ohun tó ń mú orí Ajíbádé wú nípa mọ́tò yìí ni pé ó ṣeé tún ṣe. Kẹ́hìndé mẹkaníìsì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò nítòsí lagáà, kò rí ohun kan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ rí kó má rí nǹkan fi rọ́pò. Ọṣẹ ló fi dí ibi tí ẹsáǹsì, epo tí mọ́tò ń mu, ti ń jò. Awọ bàtà àlòkù ló gé sábẹ́ ẹ̀rọ kí ó má baà máa gbọ̀n. Nígbà tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ìrìn ọkọ̀ kán, ó fi igi orógùn kan tí ìyàwó rẹ̀ wá títí tí kò rí ṣe òmíràn. Ilẹ̀kùn ọ̀tún kò ṣeé ṣí, ti òsì kò ṣeé tì. Ní ti ìjánu, èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́, kó tún un tẹ̀, kó ṣe bísímílà, kó tó di pé ó mú. Bí a bá bi Kẹ́hìndé pé ìgbà wo ni mọ́tò náà yóò dá ṣáṣá, èsì kan náà ló ní: “Ó kù díẹ̀.”

“Mọ́tò tó ṣeé tún ṣe kì í kú,” ni Ajíbádé máa ń wí. Òótọ́ ni. Ohun tí kò wí ni pé ohun tí kì í kú, kì í sin èèyàn. Èèyàn ni yóò máa sìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìjọba ní ọkọ̀ tuntun kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin ará Pobè kan, Félix, tí wọ́n rán wá láti máa la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀, ló ń gbé e kiri. Nǹkan kékeré kan kú nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó lè ṣí i, nítorí irin tí wọ́n fi ń ṣí i wà lókè òkun. Kẹ́hìndé yí i po, ó kan sáárá sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ tó ń dán, àwọn adìyẹ sì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kọ̀ tí kò wá nínú Ramatou, ìyàwó ọmọ Adégbọlá, báṣé olórógùn yìí ló gbé e dé ilé ìwòsàn kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí. Ìyá yè, ọmọ yè. Báṣé ni gbogbo abúlé ń pe ọmọ náà títí di òní. Ẹni tó bá bá mi sọ pé mọ́tò kò wúlò, n ó ní kó lọ bi Ramatou.

Ṣùgbọ́n ta ní ń rọbí lójoojúmọ́? Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rọbí, Ajíbádé ń gbé mọ́tò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ń gbé e lọ kí Moustapha, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé àwọn méjèèjì kò ju kí ẹnì kan sín kí ẹnì kejì kí i lọ. Yóò ti fi ìdajì àárọ̀ bẹ mọ́tò kó ṣiṣẹ́, Moustapha yóò sì ti lọ sóko kó tó dé. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú bí ti ọ̀gá. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní ìjókòó mọ́tò ló fà á, Kẹ́hìndé sì bá a fi àpò òwú mìíràn sí i.

Kì í ṣe òun nìkan o. Bí ọdún kan ṣe ń lé òmíràn, àwọn ọkùnrin Bessé ta kẹ̀kẹ́ wọn, àwọn obìnrin gbé òṣùká sọ sẹ́yìn ilé, igbó sì bo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ já sí Ṣábẹ̀ẹ́. Bí mọ́tò Ajíbádé bá dùbúlẹ̀, Bessé dùbúlẹ̀. Iṣu á wà ní ìdí òpó, àwọn ìyá á jókòó tì í, wọn á máa wo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ojú irin á sì fọn fèrè rẹ̀ lọ. Alimatou nìkan ni kò dẹwọ́ rírìn. Ní ìdájí, yóò gbé igbá èlùbọ́ karí, yóò lọ tà á ní Ṣábẹ̀ẹ́, yóò sì padà dé bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń wá ẹni tí yóò bá a ti mọ́tò.

“Bàbá Issa, mo ti dé o,” ni yóò wí.

“Ìwọ kò mọyì ọ̀làjú,” ni Ajíbádé yóò fi dá a lóhùn láti abẹ́ mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ títì yìí ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì mọ́tò kú, bátìrì sì ni ohun kan ṣoṣo tí Kẹ́hìndé kò lè fi ọṣẹ dí. Tuntun kò sí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kútọnu gan-an wọ́n ń wá a bí ẹni ń wá oyin. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò bá máa gbéra, àfi kí wọ́n tì í. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kọ́kọ́ ń fi ṣe eré, wọ́n ń kígbe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, eré sú wọn. Bí wọ́n bá ti rí Ajíbádé tó ń fi àkísà nu gíláàsì mọ́tò, oníkálukú á rántí pé òun lóko.

Ní ọjọ́ kan, ó di dandan kí iṣu dé lagáà, kò sì sí ẹni tó ṣú já Ajíbádé. Ó ń kígbe láti ilé dé ilé. Adégbọlá jáde sí i. Adégbọlá yìí ni olórí àáró Bessé. Kò sẹ́ni tí kò mọ àáró: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á kọ ebè lóko tèmi, lọ́la lóko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Owó kò wọ̀ ọ́, ẹ̀bùn kò wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí Ajíbádé ti ra mọ́tò ni kò ti dé ibẹ̀ mọ́. Oko kékeré tó kù fún un, Alimatou àti àwọn àbúrò Alimatou ló ń ro ó.

“Ajíbádé,” ni Adégbọlá wí, “títi mọ́tò yìí, ṣé eré ni àbí iṣẹ́?”

“Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wo òógùn tó máa ń bọ́ lára wọn. Iṣẹ́ ni.”

“Ó dáa. Ṣé àánú ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ, àbí àáró ni?”

Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Alimatou wà níbẹ̀, Moustapha wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àánú yẹn gún Ajíbádé lọ́kàn. Àánú kẹ̀? Onímọ́tò kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo Bessé? Ó na àyà síta.

“Ẹ kà á sí àáró, Bàbá. Èmi Ajíbádé kì í jẹ àánú.”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ o,” ni Adégbọlá wí fún àwọn tó dúró.

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Lójú Ajíbádé, kí ni títi mọ́tò? Bí èèyàn bá mí lẹ́ẹ̀mẹta ó ti parí. Ó gbàgbé pé nínú àáró, wíwá ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka bí iṣẹ́ ti pẹ́ tó. Ẹni tó bá wá fún ọ lẹ́ẹ̀kan, o jẹ ẹ́ ní ìrìn kan lọ sóko rẹ̀, ì báà jẹ́ àgbàdo kan ṣoṣo ló bá ọ bó. Ọwọ́ tó bá ti kan mọ́tò, ẹsẹ̀ Ajíbádé gbọ́dọ̀ kan oko rẹ̀.

Àwọn ará Bessé kò gbàgbé ní tiwọn. Láti ọjọ́ kejì, àwọn tó ń sá fún mọ́tò wá ń sáré pàdé rẹ̀. Kò tíì jí tán, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà: “Bọ̀dá Ajíbádé, ṣé a ò níí tì í lónìí ni?” Ẹni tí àyè kò gbà lẹ́yìn mọ́tò á fi ìka kan kan fèrèsé. Ọkùnrin arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ìdí mọ́tò, ó ní òun náà ti dé. Inú Ajíbádé dùn. Ó sọ fún Alimatou pé wọ́n ti ń mọyì òun wàyí. Alimatou wò ó, ó sì ń bá èlùbọ́ rẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn ni Félix wá yá mọ́tò. Iṣẹ́ ti dé láti òkè, láti ọ̀dọ̀ ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúsíọ̀n, pé kí wọ́n la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀ pé mọ́tò àti ẹsáǹsì ń jẹ ìlú run, kí oníkálukú gbára lé agbára ara rẹ̀. Bessé ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa dé Bessé ló kù, nítorí àwọn adìyẹ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀.

“Kámáráàdì Ajíbádé,” ni ó wí, “Rẹfolúsíọ̀n fẹ́ wọ mọ́tò rẹ.”

Ajíbádé fọ mọ́tò, ó fọ ara rẹ̀, ó wọ fìlà. Wọ́n gbéra láti Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì ń lọ geere títí tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n wọ abúlé, níbi tí omi kan ti ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti kú. Ajíbádé fọn fèrè. Gbogbo Bessé tó ti wọ aṣọ dúró de àlejò sáré wá, tọmọdé tàgbà, wọ́n fi ọwọ́, wọ́n fi èjìká, wọ́n ti mọ́tò gun òkè. Félix kò sọ̀kalẹ̀, bàtà rẹ̀ funfun. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń tì í. Ojú Ajíbádé kò gbé ibì kan dúró fún ayọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Félix sọ dára, mi ò ní purọ́. Ó ní ènìyàn tó bá gbára lé mọ́tò ti di ẹrú mọ́tò. Ó ní ẹsẹ̀ wa wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí… ó fẹ́ dárúkọ Ọlọ́run, ó rántí ipò rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tí ìṣẹ̀dá fún wa. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Adégbọlá dìde.

“Kámáráàdì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wá létí. Ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi padà ni?”

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Félix náà rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu iṣẹ́ ìlú ni mo wà.” Wọ́n sì tún tì í padà lọ sójú ọ̀nà. Ó yọ orí síta, ó ní Rẹfolúsíọ̀n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ Rẹfolúsíọ̀n kì í kọ ebè. Ajíbádé ló ni mọ́tò, ọrùn Ajíbádé sì ni gbogbo ìrìn náà wà, àlọ àti àbọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀mọ́, ìgbà ebè dé. Kámáráàdì Félix kò gbàgbé oore. Ó bá Ajíbádé wá bátìrì tuntun láti Kútọnu, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá. Kẹ́hìndé fi sí i, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò bú ramúramù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. “Ó parí,” ni Kẹ́hìndé wí. Láti ìgbà tó ti ń ṣe mẹkaníìsì, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ajíbádé fi orin wa mọ́tò wọ Bessé, ó sì bá Moustapha ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

“Bọ̀dá Ajíbádé, ẹ kú oríire o. Bàbá ní oko tèmi la máa kọ́kọ́ lọ lọ́la.”

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí oko Moustapha, lọ́la oko ẹlòmíràn, lọ́túnla oko arúgbó tó fi ọ̀pá ti mọ́tò. Mọ́tò wà lábẹ́ igi, ara rẹ̀ le koko, olówó rẹ̀ wà nínú oko olóko, ó ń kọ ebè. Ó wá ẹni tí yóò máa bá a wà á. Ẹni tó gbà á kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá orógùn sọ̀rọ̀, kò sì ṣe bísímílà tó kó tó tẹ ìjánu. Àká àgbàdo Moustapha ló dá a dúró. Ajíbádé lọ bá Adégbọlá, ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa fi mọ́tò gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ dípò ebè. N ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ara ni a fi ń san ara,” ni Adégbọlá wí. “Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Bó bá wù ọ́ kí o kúrò nínú àáró, kúrò, kò sí ẹni tó so ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òrùlé rẹ bá gbiná, mọ́tò rẹ ni kó bá ọ pọn omi.”

Ajíbádé padà sóko. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣe é dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà ó le. Ebè tó ń kọ ga, ó sì rí rọ́bọ́tọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ rántí irú ẹni tó jẹ́. Ìrìn àárọ̀ mú ikùn rẹ̀ padà wọlé. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò dùn ún mọ́. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: ojú ọ̀nà oko ni ó ti gbọ́ ẹni tó fẹ́yàwó, ẹni tó kú, ẹni tí ìjà wà láàárín wọn, gbogbo ohun tí ariwo mọ́tò kò jẹ́ kó gbọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, Alimatou á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn gan-an. Kò tíì dùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mọ́tò ti wọlé.

Òjò ìkẹyìn ọdún yẹn wá rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbẹ̀san. Ibi tí omi ti ń kọjá lójú ọ̀nà ya di kòtò tí màlúù lè rì sí. Ẹlẹ́sẹ̀ lè fò ó bó bá gbójú. Mọ́tò kò lè kọjá. Báṣé wà ní Bessé pẹ̀lú bátìrì tuntun rẹ̀, kò sì sí ibi tó lè lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Adégbọlá pe Ajíbádé. “O ti san án tán,” ni ó wí. “O ṣe bí ọkùnrin. O ti padà sínú àáró, ó sì kan ọ́ wàyí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀túnla, ló kù kí ẹgbẹ́ tú ká fún ọdún yìí. Gbogbo wa ń bọ̀. Ibi tó o bá ní ká wá la máa wá.”

Nírọ̀lẹ́, Alimatou gbé oúnjẹ fún un. Kò jókòó bó ti máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Issa, igbó ṣì ni oko wa. Àwọn àbúrò mi tó ń bá wa kọ ebè ti lọ wáṣẹ́ ní Parakou. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ebè fún wa. Bí wọn ò bá kọ ọ́ ní ọ̀túnla, kí la máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Mọ́tò á mú owó wá. A ó ra iṣu.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi. Òun ni mò ń bẹ̀ yìí.”

Ọkàn Ajíbádé rọ̀. Ó ní kó dìde, òun ti gbọ́. Ní tòótọ́, ó ti gbọ́. Gbogbo ọjọ́ kejì ni ó fi ń rìn yí oko rẹ̀ ká, ó ń wo ibi tí ebè yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀túnla mọ́, ẹgbẹ́ sì dé, ọkọ́ wà léjìká wọn, wọ́n kún àgbàlá. Alimatou ti se ẹ̀wà ìkòkò ńlá. Ajíbádé jáde sí wọn. Mọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ igi. Moustapha, tí kò ní ibi kankan nínú, dá àpárá: “Bọ̀dá Ajíbádé, bátìrì tuntun, mọ́tò kò rí ọ̀nà lọ. Ó ti di ilé adìyẹ bíi ti Kámáráàdì!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ gun orí Ajíbádé. Ó rí ara rẹ̀ bí gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ yóò ṣe máa rí i: onímọ́tò tó ń rìn lẹ́bàá mọ́tò tó dá ṣáṣá. Ẹnu rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

“Ẹ jẹ́ ká lọ tún ọ̀nà ṣe,” ni ó wí.

Adégbọlá wo Alimatou. Alimatou wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò ẹ̀wà karí, ó sì tẹ̀ lé wọn, nítorí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ebi má pa ènìyàn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gé ìtì igi, wọ́n ti ru òkúta wá láti ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ti kó yangí dà lé e, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ibi gbogbo tó ti jẹrà lójú ọ̀nà ṣe títí dé ojú títì Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀nà náà dán. Ajíbádé fi mọ́tò kọjá lórí rẹ̀, omi kò ta sí i lára, gbogbo ènìyàn hó yèè.

Ohun tí Ajíbádé kò rò ni pé ọ̀nà tó bá dára fún mọ́tò, ó dára fún kẹ̀kẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ kì í mu ẹsáǹsì, kì í sì í dúró de èrò. Moustapha ló kọ́kọ́ ra òmíràn. Ó di iṣu sẹ́yìn rẹ̀, ó fò ó dé lagáà, ó sì padà wá ro oko lọ́jọ́ kan náà. Kí ọyẹ́ tó parí, kẹ̀kẹ́ ti kún Bessé. Wọ́n ti ti mọ́tò títí, ẹsẹ̀ wọn ti lágbára. Kẹ́hìndé náà so táyà kẹ̀kẹ́ kọ́ sára igi máńgòrò, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ yá ju ti mọ́tò lọ. Bí àìsàn bá dé, tàbí ìrọbí, wọ́n á sáré wá pe Ajíbádé, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Báṣé kò le tó báyìí rí láyé rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Èrò ni kò ní.

Iṣu tuntun jáde. Ilé Ajíbádé nìkan ni wọn kò ti wa iṣu, nítorí kò sí ebè tí wọn yóò wa á nínú rẹ̀. Alimatou fún un ní owó láti inú owó èlùbọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ ra iṣu wá. Ajíbádé gbé mọ́tò lọ sí oko Moustapha. Moustapha fi ọ̀yàyà gbà á, ó wa iṣu fún un lójú ẹsẹ̀, iṣu náà sì tóbi bí itan.

“Ẹ wo bó ṣe ta, Bọ̀dá Ajíbádé! Ìlà yìí, ọwọ́ yín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Gbogbo ebè oko yìí, kò sí èyí tó ta tó o.”

Ajíbádé san owó rẹ̀, ó kó iṣu sẹ́yìn mọ́tò, ó sì wà á lọ sílé.

Alimatou gún un. Iyán náà funfun, kò ní kókó. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń wò ó bó ti ń jẹun. Ajíbádé jẹ òkèlè kan, ó jẹ èkejì.

“Ó dùn, àbí?”

“Ó dùn gan-an,” ni Ajíbádé wí, inú rẹ̀ sì ń yọ́ díẹ̀ nítorí ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. “Moustapha ní ọwọ́ mi ló kọ ebè rẹ̀.”

“Mo mọ̀,” ni Alimatou wí. “Ìyàwó rẹ̀ ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. Ó ní òun kò tíì rí ọkùnrin tó ń bọ́ aya aláya dáadáa tó ọkọ mi.”